Hítà pikọ́ọ̀pù mi: ó ti yanjú o

Ẹ kú ìdáhùn, ẹ̀yin ará. Mo bèèrè níjọ́sí bóyá mo lè fi fáàfù (ohun tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀nà omi tàbí tì í) sójú ọ̀nà omi hítà pikọ́ọ̀pù mi, torí éèsì kì í tutù nínú ooru Houston níbí: omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ṣì ń gba inú hítà, bẹ́ẹ̀ mi ò tan hítà. Mo ti ṣe é.

Fáàfù ẹlẹ́nu mẹ́rin ni mo rà. Ẹlẹ́nu méjì á kàn dí omi pa ni. Ti ẹlẹ́nu mẹ́rin, téèyàn bá tì í, omi gbígbóná á ṣẹ́rí padà sí ẹ́ńjìnnì láì gba inú hítà. Ẹni tó ní kí n má dí ọ̀nà omi pátápátá, ẹ ṣeun gan-an.

Gígé ọ̀ọ́sì 5/8 íńṣì (rọ́bà tí omi hítà ń gbà) ò le, kílíìpù ni mo fi dè é. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ló fẹ́ dà mí láàmú: hítà ń dún bí ẹni ń rọ omi sínú agbè! Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, mo gbé imú ọkọ̀ sókè, mo ṣí ìdérí rédíétọ̀ àti fáàfù, mo wá tan ẹ́ńjìnnì. Bí omi ṣe ń wálẹ̀ ni mò ń bù sí i.

Ní báyìí tí mo ti fáàfù náà, ọ̀ọ́sì tó wọ hítà ò gbóná mọ́, éèsì sì ń tutù dáadáa. Tó bá di December tí òtútù dé, màá ṣí fáàfù náà padà.