Ìbéèrè tí ọmọ kan bi mí nídìí Akíntọ́lá-takú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí níbí ní Òṣogbo. Lọ́jọ́ kan mo kó àwọn ọmọ lọ sẹ́yìn kíláàsì, mo nàka sí Akíntọ́lá-takú, igbó kan tó bo gbogbo ibẹ̀. Mo ní, "Àjèjì lèyí, ọ̀tá ilẹ̀ wa ni." Mo sọ ohun tó wà nínú ìwé fún wọn: ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Àríwá àti ti Gúúsù ni orírun rẹ̀, nǹkan bí ọdún 1937 ló bá irúgbìn igi Gmelina wọ Nàìjíríà láti Sri Lanka.

Ọmọ kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Ìgbìrà nawọ́ sókè. "Àǹtí, ṣé gbogbo àjèjì ló burú ni?"

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ẹ̀gẹ́ tá a fi ṣe gààrí tí mo mu láàárọ̀ ọjọ́ náà, Amẹ́ríkà yẹn náà ló ti wá. Àgbàdo ńkọ́?

Mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi àgbà. Wọ́n ní àwọn ò mọ ewé yìí nígbà táwọn wà lọ́mọdé. Ìgbà ìjà Awólówọ̀ àti Akíntọ́lá ló gba oko wọn: wọ́n gé e, ó hù, wọ́n sun ún, ó tún hù. Ọdún 1962 ni wọ́n ní kí Akíntọ́lá kúrò nípò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó kọ̀ jálẹ̀, ewé sì di Akíntọ́lá-takú. Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọmọ mi ti ṣubú. Màmá já ewé náà, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra á títí omi rẹ̀ fi jáde, wọ́n fún un sójú egbò, ẹ̀jẹ̀ dá. Wọ́n ní koríko ẹ̀kan kì í ráyè níbi tí ewé yìí bá ti bolẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kó kan kòkó kékeré láé.

Ní báyìí, kí n tó ṣí ìwé, màá ní káwọn ọmọ lọ béèrè nílé: kí lẹ̀ ń pè é, ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i, kí ló ń ṣe lóko?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Àgbẹ̀ ni mí lọ́nà Ìlobùú. Ẹ má gbàgbé tata o! Abẹ́ ìgbẹ́ yẹn ni wọ́n ń yé ẹyin sí. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á jẹ ewé ẹ̀gẹ́ tán, wọ́n á tún bó èèpo igi rẹ̀. Bàbá mi a máa wa ẹyin náà síta kí oòrùn pa á.

Olùkọ́: Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Ṣé ẹ lè gbà kí n kó àwọn ọmọ wá, kẹ́ ẹ fi ibi tí tata ń yé ẹyin sí hàn wọ́n?