Slab serif lédè Yorùbá: "onípátákò" lèmi fara mọ́ o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ka èyí tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lánàá pé ká kúkú pe fọ́ńtì slab serif, ìyẹn lẹ́tà tẹ́sẹ̀ ẹ̀ nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, ní "lẹ́tà Íjíbítì" torí pé Egyptian làwọn òyìnbó ń pè é tẹ́lẹ̀. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n, kò wọ̀ mí létí. Orúkọ yẹn ò dúró lójú kan lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín pàápàá. Lọ́dún 1816 tílé Caslon, àwọn tó ń rọ lẹ́tà ìtẹ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, lo Egyptian, lẹ́tà tí kò lẹ́sẹ̀ rárá ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, Vincent Figgins tó gbé ẹlẹ́sẹ̀ ńlá yìí jáde nígbà yẹn náà, Antique ló pe tiẹ̀. Látìgbà tí Napoleon ti gbógun lọ sí Íjíbítì ní 1798 ni ariwo ibẹ̀ ti gbòde, kí ló wá kàn wá ńbẹ̀?

"Olókùúta pẹlẹbẹ" tẹ́nì kan tún dá lábàá, ìtumọ̀ slab ni lóòótọ́, àmọ́ ẹ sọ ọ́ fẹ́ni tó ń tẹ pósítà kẹ́ ẹ wò ó, á rò pé ẹ fẹ́ ṣe sàréè ni.

Ẹ wo lẹ́tà náà fúnra ẹ̀. Ẹ tẹ I ńlá ní Rockwell, ọ̀kan lára àwọn fọ́ńtì slab serif, kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ títí táá fi kún ojú kọ̀ǹpútà: òpó kan ló dúró, búlọ́ọ̀kù kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó òpó yẹn. Ti Clarendon tí Robert Besley gbé jáde ní 1845, ibi tí òpó ti pàdé ẹsẹ̀ máa ń tẹ̀ kọrọdọ díẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹṣin ṣe ń fẹ̀ kó tó kan pátákò. Ohun tí mo ṣe sọ pé "lẹ́tà onípátákò" nìyẹn. Èyí tẹ́sẹ̀ ẹ̀ rí tín-ín-rín bíi Times New Roman, ká pè é ní "eléèékánná". Arial àtẹgbẹ́ ẹ̀ tí kò lẹ́sẹ̀, "ṣákálá".

Àbúrò wa obìnrin ní pátákò ẹṣin á dàrú mọ́ pátákó ìpolówó tá ò bá fàmì sí i. Òótọ́ ni, fóònù lọ̀pọ̀ wa fi ń tẹ̀wé, ta ló ń fàmì sí i? Ṣùgbọ́n orí pátákó náà la ti ń rí i, pákó náà ni Darius Wells sì fi gbẹ́ lẹ́tà ńláńlá tó ń tà ní New York láti 1828, àwọn pósítà ayé ọjọ́un tá à ń fara wé yìí, pákó ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ṣì í kà ò tíì ṣìnà.

Àbùkù kan wà ṣá. Lẹ́tà Ẹ ńlá! Pátákò ti gba gbogbo ìsàlẹ̀, àmì ò ríbi jókòó. Mo ṣe "ẸJA TÚTÙ" fún kọ́sítọ́mà mi kan, ó wò ó wò ó, ó ní ṣé yíńkì ló kán sábẹ́ ẹ̀ ni. Mo bá yọ àmì tóótòòtó yẹn, mo fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán so mọ́ pátákò yẹn, bíi tinú Bíbélì àtijọ́. Ló bá sanwó.