Ọmọ mi ní kí a ra saxophone fún òun: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Oníkájú, Ìsánlú

Ẹ̀yin ará ilé, okun o. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún 15, SS1 ló wà. Ìjọ wa ní fèrè saxophone kan, alto ni wọ́n ń pè é, ọmọ ìjọ kan tó wà lókè òkun ló fi ta wá lọ́rẹ. Ọmọ yìí ló ń fọn ọ́n. Ẹnikẹ́ni ò fi agídí mú un, òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá ọ̀gá akọrin. Ní báyìí, kí wọ́n tó kọ orin kan dé ègbè, á ti rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀. Àmọ́ fèrè ìjọ ni. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń sùn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Àfi ọjọ́ ìdánrawò àti ọjọ́ Àìkú nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ń tó o.

Ó wá ní kí a ra ti òun fún òun. Ọkùnrin kan ní Ìlọrin ní tòkunbọ̀ Yamaha, 650,000 náírà ló dá lé e. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó wà ní Àbújá ní òun á fi 250,000 sí i. Owó kájú ni ìyókù, owó kájú náà sì ti ní iṣẹ́: owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, àti páànù ẹ̀yìnkùlé tí ìjì ká lọ. Bàbá rẹ̀ ò ní rárá, kò ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ohun tí ẹ bá ti fẹ́, ẹ ṣe é," ló wí. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ́kọ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n ṣe o?

Bàbá Àgbà, Kàbà

Ìyàwó wa, okun, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọmọ tó ku WAEC àti JAMB níwájú rẹ̀ lẹ fẹ́ fi fèrè lé lọ́wọ́? Ṣé ẹ mọ iye igi kájú tí 400,000 á bá yín tọ́jú, kí ẹ ro ìdí rẹ̀, kí ẹ fi oògùn sí i kó tó tanná? Ẹ jẹ́ kó máa fọn ti ìjọ. Tó bá jáde yunifásítì, á fi owó ara rẹ̀ ra tirẹ̀.

Ọmọ Yàgbà, Àbújá

Bàbá, ẹ má bínú. Orin wà lára ohun tí WAEC fi ń dán àwọn ọmọ wò, ó wà nínú JAMB pẹ̀lú. Wọ́n ń kọ́ ọ gboyè ní Ifẹ̀ àti ní Nsukka, MUSON, ẹgbẹ́ àwọn olórin ní Èkó, náà sì ti ní ilé-ẹ̀kọ́ orin láti 1989. Ìṣègùn ni wọ́n rán Fẹlá lọ kọ́ ní London ní 1958, orin ló lọ kọ́. Màmá, ẹ rà á. 650,000 ló pè é lónìí, ta ló mọ iye tí á pè é lọ́dún tó ń bọ̀?

Bàbá Àgbà, Kàbà

Fẹlá tí o mú wá yẹn, ṣé saxophone ló lọ kọ́? Tùrọ́ḿpẹ́ẹ̀tì ni. Ìgbà tí Igo Chico tó ń fọn saxophone fún un fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1973 ló tó gbé saxophone, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ọmọ ọdún 15 lè dúró. Àwa náà jó rí nígbà èwe wa o.

Aláṣọ, Ẹ̀gbẹ̀

Háà, Bàbá ti mú un! Ìyá wa, aládùúgbò mi kan ra kíbọ́ọ̀dù ńlá fún ọmọ rẹ̀. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, ó sú ọmọ. Aṣọ ni wọ́n ń ká lé e lórí báyìí. Saxophone sàn ju ìyẹn lọ, torí kò bá NEPA da nǹkan pọ̀. Ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ilé yín jìnnà sí ti ẹlòmíràn?

Olùkọ́ Orin, Mọpà

Kí n tó sọ tèmi, màmá, ẹ dákun: fèrè ìjọ yẹn, ṣé gbogbo ohùn rẹ̀ ló ń jáde? Àwọn ohùn ìsàlẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Oníkájú, Ìsánlú

Ẹ ṣé, sà. Ti ìsàlẹ̀ kì í jáde dáadáa, ó máa ń há. Ọ̀gá akọrin ní àyà ọmọ ni kò tíì lágbára, pé ṣebí obìnrin ni. Ọmọ ti sunkún sí i rí.

Olùkọ́ Orin, Mọpà

Kì í ṣe àyà. Ẹ sọ fún ọ̀gá akọrin pé èmi ni mo ní kì í ṣe àyà.

Ihò ló kún ara saxophone. Ọmọrí kan wà lórí ihò kọ̀ọ̀kan, awọ sì wà lábẹ́ ọmọrí náà, páàdì là ń pè é. Kí ohùn ìsàlẹ̀ tó jáde, gbogbo páàdì gbọ́dọ̀ dé ihò wọn pinpin. Tí ẹyọ kan bá gbẹ, tó sì sán, atẹ́gùn á gba ibẹ̀ sá lọ. Itọ́ ń rẹ awọ yẹn, ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́. Fèrè tí wọ́n ń tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù láìnu inú rẹ̀ kò lè ṣe kó má jò. Ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn lálẹ́, ẹ ti tọ́ọ̀ṣì kékeré bọ inú fèrè, kí ọmọ tẹ gbogbo ọmọrí pa bí ìgbà tó fẹ́ fọn ohùn tó relẹ̀ jù. Ibi tí iná bá ti yọ lábẹ́ páàdì, ibẹ̀ ni èémí ọmọ yín ń bá lọ.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé irú rẹ̀ wà lọ́jà tòkunbọ̀ náà. Tí ẹ bá gbé 650,000 lọ sí Ìlọrin láìmú ẹni tó mọ̀ ọ́n fọn dání, fèrè tó ń jò lẹ lè fi owó yín gbé wálé. Kí ẹni náà fọn ọ́n láti B-flat ìsàlẹ̀, ohùn tó relẹ̀ jù, dé F òkè, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì wo ọrùn fèrè, ibi tí ẹnu rẹ̀ ń wọ̀, bóyá ó ti tẹ̀ rí. Èyí tí ọrùn rẹ̀ bá ti tẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ohun tí èmi máa rà fún ọmọ yìí lónìí ni mouthpiece tirẹ̀. Ẹnu fèrè nìyẹn. Ibẹ̀ ni ohùn ti ń bẹ̀rẹ̀, owó rẹ̀ kò sún mọ́ owó fèrè rárá, alto yòówù kó rà lọ́jọ́ iwájú, ó máa lò ó sí i. Ó sì dára kó yéé fi ẹnu síbi tí ẹlòmíràn ń fi ẹnu sí.

Lẹ́yìn náà, rííìdì, pẹlẹbẹ kékeré tó ń gbọ̀n lára mouthpiece kí ohùn tó jáde. Igi bí esùsú ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì ń gbó kíákíá. Mẹ́wàá ló sábà máa ń wà nínú páálí kan. Kó lo nọ́ńbà 2, èyí tí kò le jù, kó máa fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin yípo, kó má fọn ẹyọ kan títí á fi ya. Tó bá fọn tán, kó yọ ọ́, kó nù ún, kó dá a padà sínú àpò rẹ̀. Aṣọ tó ń fa omi ni kó fi nu inú fèrè, kó sì fi òróró kọ́ọ̀kì pa ẹnu ọrùn. Màmá, owó rííìdì kì í tán o. Ẹni tó ra fèrè tán tí kò ní owó rííìdì, ọ̀ṣọ́ pálọ̀ ló rà.

Ìyá Ìbejì, Ìyàrà

Olùkọ́, ṣé tùrọ́ḿpẹ́ẹ̀tì ò ní rọrùn fún wọn ju èyí lọ?

Olùkọ́ Orin, Mọpà

Ní ti ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni. Kò ní rííìdì, kò ní páàdì tó ń sán, òróró ni ẹ ó máa kán sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ kò bèèrè tùrọ́ḿpẹ́ẹ̀tì. Ẹ bá mi sọ fún oníkíbọ́ọ̀dù ìjọ yín náà pé orúkọ ohùn alto kò bá ti kíbọ́ọ̀dù mu: tí òun bá wà ní F, D ni alto máa fọn. Kó má máa kígbe mọ́ ọmọ pé ó ṣìnà.

Ìyá Ìbejì, Ìyàrà

Ẹ ṣé. Ìyá Oníkájú, mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó bá ní fèrè tirẹ̀, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ orin á máa wá a wá fún ìnáwó ìyàwó àti ti òkú. Owó wà níbẹ̀, òru náà wà níbẹ̀, ẹ sì mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí lásìkò yìí. Ẹ ti fẹnu kò lé èyí lórí kí fèrè tó wọlé.

Ìyá Oníkájú, Ìsánlú

Ẹ ṣeun gbogbo yín. A dán ti tọ́ọ̀ṣì yẹn wò lálẹ́ àná, akọ̀wé ìjọ àti ọ̀gá akọrin wà níbẹ̀. Ibi mẹ́rin ni iná ti yọ. Ọ̀gá akọrin ò sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ló ń rẹ́rìn-ín.

Ìjọ ti gbà kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fèrè ṣe ní Ìlọrin. Wọ́n á san ìdajì, èmi á san ìdajì. Mo ní bí mo bá ti lè san ìdajì, ọmọ mi á máa gbé e wálé láti Ajé sí Ẹtì, kó dá a padà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Akọ̀wé kùn díẹ̀, ó gbà. Mo ti pe àbúrò ọkọ mi, òun ló máa ra mouthpiece àti rííìdì. Ó ní kí ìyókù owó wà lọ́wọ́ òun di kájú ọdún tó ń bọ̀, ká wá wò ó bóyá ọmọ á ṣì máa fọn. Ní ti òde alẹ́, bàbá rẹ̀ ti là á sílẹ̀ pé kò sí ìyẹn títí yóò fi parí ilé-ẹ̀kọ́. Ìyẹn nìkan ló tíì dá sí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Páànù ni mo ń lọ rà báyìí.

Bàbá Àgbà, Kàbà

Owó kájú ti bọ́ sípò. Ṣùgbọ́n láti Ajé sí Ẹtì! Ìsánlú á gbọ́ fèrè o.

Olùkọ́ Orin, Mọpà

Màmá, kí ẹni tó máa tún un ṣe pààrọ̀ gbogbo páàdì ìsàlẹ̀, kì í ṣe mẹ́rin yẹn nìkan, torí ìgbà kan náà ni wọ́n jọ ń gbó. Ẹ mú ọmọ dání lọ, kó fọn ọ́n níwájú rẹ̀ kí ẹ tó san owó tán.