Ìfun bàbá mi lọ́: ṣé ká gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ?

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Bàbá mi ti lé ní 70 ọdún, Ẹ̀pẹ́ níbí la wà. Ó pẹ́ tí ìgbẹ́ ti máa ń há wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ikùn wọn le bí ìlù, wọn ò yàgbẹ́, wọn ò só, inú ń rò wọ́n burúkú. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n mu, wọ́n bì í padà. Ní ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò inú wọn, dókítà ní ìfun ńlá nísàlẹ̀ ló lọ́. Wọ́n ti rọ́bà gba ìdí wọlé, afẹ́fẹ́ àti ìgbẹ́ olómi tú yàà, ikùn sì rọ̀ lójú mi. Dókítà wá ní àwọn ṣì fẹ́ gé ibi tó lọ́ yẹn kúrò. Àbúrò bàbá mi fárígá: ara wọn ti yá, kí la tún ń gé? Òní ni wọ́n ń retí èsì wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ má tíì gbé wọn lọ sílé. Rọ́bà yẹn kàn tú u ni. Ìfun tó ti gùn jù ṣì wà níbẹ̀, ó sì sábà máa ń tún lọ́. Tó bá lọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ́ pẹ̀lú. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ibẹ̀, ìfun á kú, ó sì lè bẹ́ sínú ikùn. Iṣẹ́ abẹ òjijì, tí ìfun ti kú, ló ń mú ẹ̀mí lọ. Ti ìsinsìnyí tí inú ti rọ̀ fúyẹ́ ju ìyẹn lọ.

Alàgbà: Kí ìfun èèyàn dédé lọ́, kì í ṣojú lásán o.

Ìyá Ìbejì: Bàbá, ẹ máa bá wa gbàdúrà sà. Àmọ́ àwọn àgbàlagbà tí ìgbẹ́ ti ń há tipẹ́ ló sábà máa ń ṣe. Ó máa ń ṣe ọmọ tuntun náà, tí ìfun ò bá jókòó dáadáa láti inú oyún. Ọmọ tuntun tó bá ń bì èébì aláwọ̀ ewé, ẹ sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

Bàbá Àríkẹ́, Àgbádárìgì: Wọ́n ṣe é fún ìyá ìyàwó mi. Ẹ bi dókítà bóyá wọ́n máa so ìfun pọ̀ lójú ẹsẹ̀, àbí wọ́n máa gbé e gba ikùn síta, kí wọ́n máa fi àpò gba ìgbẹ́ fúngbà díẹ̀. Ti ìyá wa, wọ́n so ó pọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti kà á sí àbúrò bàbá mi létí, wọ́n ti gbà. Owó la ń dá báyìí. Ṣé bàbá lè máa mu àgbo títí wọn ó fi ṣe é?

Ìyá Ìbejì: Rárá o! Ohun tí dókítà bá fọwọ́ sí nìkan. Tí ikùn bá tún wú, tí wọn ò só, ẹ pe nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù kíá, ìbáà jẹ́ òru.