Kì í ṣe “alù”, kì í sì í ṣe “àfúyẹ́”: lórí orúkọ ẹ́ńjìnnì 383 àti ohun inú rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi,

Ẹni tó kọ̀wé kẹ́yìn ní kí a máa pe ẹ́ńjìnnì tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní stroker, ìyẹn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí wọ́n mú ìrìn písítìn rẹ̀ gùn sí i, ní “ẹ́ńjìnnì alù”, kí a sì máa pe ohun inú rẹ̀ tí kò wúwo ní “ẹ̀yà àfúyẹ́”. N kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìwé atúmọ̀ èdè ni wọ́n wò, níbi tí “stroke” ti lè jẹ́ lílù, tí wọ́n fi sọ èyí lórúkọ, wọn kò wo inú ẹ́ńjìnnì.

Kò sí ohun tó ń lu nǹkan níbẹ̀. Bí nǹkan bá ń lu nǹkan nínú ẹ́ńjìnnì, ó ti nọ́ọ̀kì nìyẹn. Ìrìn písítìn, ẹ̀yà tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà, là ń sọ, láti òkè pátápátá dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ mú Chevrolet 350, ẹ́ńjìnnì sìlíńdà mẹ́jọ tí 350 jẹ́ ààyè inú sìlíńdà rẹ̀ lápapọ̀ ní kúbíìkì íǹṣì: ihò sìlíńdà rẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 4.000, ìrìn písítìn rẹ̀ jẹ́ 3.48. Ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ di 383 á rí-bọ́ọ̀ sìlíńdà, ìyẹn ni pé á gbẹ́ ihò rẹ̀ fẹ̀, dé 4.030, á yọ kíráńkì, ọ̀pá tí písítìn ń mú yí po, kúrò, á wá fi èyí tí ìrìn rẹ̀ jẹ́ 3.75 rọ́pò, ìrìn kan náà tí Chevrolet 400 ọdún 1970 ní. Ìrìn ni wọ́n fi kún un. “Àfìrìnkún” ni orúkọ rẹ̀, bí a ṣe ní àfikún. Ẹ jọ̀ọ́, ohùn ìsàlẹ̀ ni à- yẹn. Bí ẹ bá fi ohùn àárín pè é, “afìrìnkún”, kíráńkì lẹ dárúkọ, torí òun ló ń fi ìrìn kún un. Àwọn àgbà tó sọ ọkọ̀ ní ayọ́kẹ́lẹ́, tí wọ́n sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, kò ṣi a- gbé rí. Wọn kò jókòó ti gírámà, etí wọn ló mọ̀ ọ́n.

“Àfúyẹ́” ló bí mi nínú jù. Fúyẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń ṣe sí nǹkan, bí nǹkan ṣe rí ni. À- kì í bá irú ọ̀rọ̀ ìṣe bẹ́ẹ̀ rìn lóun nìkan. Ẹni tó ga kì í ṣe àga. Bí a bá fẹ́ à-, ká fi iṣẹ́ ṣáájú rẹ̀: ohun tí a gbẹ́ títí tó fi fúyẹ́ jẹ́ àgbẹ́fúyẹ́, ohun tí a rọ tó fi fúyẹ́ jẹ́ àrọfúyẹ́. Iṣẹ́ tó mú un fúyẹ́ gan-an ni ẹni tó ń ra ẹ̀yà gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ẹ wò ó. Láti àárín kíráńkì dé ojú bọ́lọ́ọ̀kù 350, òkè pẹrẹsẹ tí orí ẹ́ńjìnnì ń jókòó lé, jẹ́ íǹṣì 9.025. Ìdajì ìrìn 3.75 jẹ́ 1.875. Bí kọ́nírọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kíráńkì, bá gùn ní 5.7, láti àárín gọ́jọ̀n pín, pín tó so písítìn mọ́ kọ́nírọ́ọ̀dù, dé orí písítìn gbọ́dọ̀ jẹ́ 1.425, kí písítìn lè dúró ní 0.025 sísàlẹ̀ ojú bọ́lọ́ọ̀kù. Bí kọ́nírọ́ọ̀dù bá jẹ́ 6.0, ó di 1.125. Písítìn ti kúrú ní 0.300 nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ìwúwo ti lọ. Àwọn kan ń sọ pé gígùn kọ́nírọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló ń mú ẹ́ńjìnnì sáré. Ní ìyípo 7,000 ní ìṣẹ́jú kan, bí ìwúwo písítìn kò bá yí padà, ohun tí gígùn yẹn dín kù nínú agbára tó ń fa kọ́nírọ́ọ̀dù lókè kò ju bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àmọ́ gíráàmù kọ̀ọ̀kan tó bá kúrò lára písítìn ń gbé bíi kílò 3.4 kúrò lọ́rùn kọ́nírọ́ọ̀dù ní ìyípo yẹn. Ọgọ́rùn-ún gíráàmù jẹ́ bíi kílò 340. Ẹ sì rántí pé láti 6,000 dé 7,000, agbára yẹn ń fi ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Nítorí náà, písítìn àgékúrú ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ àgékúrú ti wà nílẹ̀, kí ni a tún ń wá “àfúyẹ́” sí?

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè.

Mo gba “ìrìn”, n kò gba “àgbẹ́fúyẹ́”. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á gbé fáìlì, á máa ha inú písítìn. Àwa tí a ń fọwọ́ kan irin mọ ohun tó ń tẹ̀lé e. Bí ara gọ́jọ̀n pín bá fẹ́lẹ́ jù, ó ń tẹ̀ ní ìyípo gíga, ibi tó jókòó sí lára písítìn á sì sán. Tí wọ́n bá fẹ́ dín in kù, inú ẹnu méjèèjì ni wọ́n ń gbẹ́, kì í ṣe àárín, irin rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Písítìn 1.125 tí ẹ yìn yẹn, ihò gọ́jọ̀n pín rẹ̀ já wọ ojú ọ̀nà rìngì ọ́ìlì, rìngì tó ń ha ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà. Ó ní rìngì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbé rìngì ọ́ìlì dúró: ibi tó yọ kókó lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sísàlẹ̀, kó bọ́ sínú ihò pín, kó má baà máa yí. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ á rí èéfín.

Ẹ ò tún sọ nǹkan kan nípa kíráńkì. Afìrìnkún yìí kò ṣeé tò láìwọn ẹ̀yà rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ìwúwo tí kíráńkì gbọ́dọ̀ bá dọ́gba, ohun tó ń yí po, ẹ kà á tán pátápátá. Ohun tó ń lọ sókè sódò, písítìn, pín, rìngì àti orí kékeré kọ́nírọ́ọ̀dù, ẹ ka ìdajì rẹ̀. Bí ẹ̀yà bá fúyẹ́, wọ́n á lu ihò sára kíráńkì láti dín in kù, kò wọ́n. Bó bá wúwo ju ohun tí kíráńkì lè gbé lọ, tungsten, irin tó wúwo gan-an, ni wọ́n á kàn mọ́ ọn, owó ńlá ni. Bóòtù kọ́nírọ́ọ̀dù náà ní láti fi bí íǹṣì 0.060 jìnnà sí kámúṣáàfù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù. Ẹ yí kíráńkì po lọ́wọ́, ẹ wò ó ní sìlíńdà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Ní ti pé à- kì í bá irú fúyẹ́ rìn: àárẹ̀ ńkọ́? Ṣé rẹ̀ kì í ṣe bí ara ṣe rí ni? Ẹ̀yà fífúyẹ́ ti tó fún mi. Kì í ṣe ẹni tó gbọ́ gírámà nìkan ló ni èdè yìí.

*

Ẹ ṣeun. Lórí gọ́jọ̀n pín, a ò jà. Àárẹ̀ kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu: ohun tó mú ara ni à ń pè bẹ́ẹ̀, ara fúnra rẹ̀ kọ́ ni àárẹ̀, nígbà tí “ẹ̀yà àfúyẹ́” fẹ́ pe ẹ̀yà náà gan-an bẹ́ẹ̀. Fífúyẹ́ dára, ṣùgbọ́n kò sọ bó ṣe fúyẹ́. Kọ́nírọ́ọ̀dù alumíníọ̀mù fúyẹ́, ó sì ń nà, ó ń gbó kíákíá. Ti ìdíje ọ̀nà tààrà ni. Ti irin 4340, irú irin líle kan, tí wọ́n rọ wúwo jù ú, òun ni n ó gbé fún ọkọ̀ tó ń rìn ní títì.

Ẹ sì tún kọ “afìrìnkún” níbi tí ẹ ti ń sọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi àmì ìsàlẹ̀ sórí a yẹn.