Ẹ̀jẹ̀ dì, iṣan dí: lórí àbá “yíyọ ẹ̀jẹ̀ dídì”

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lálẹ́ àná dábàá pé kí a máa pe gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó bá há sínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ tàbí apá ní “ẹ̀jẹ̀ dídì”, kí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ sì máa jẹ́ “yíyọ ẹ̀jẹ̀ dídì”. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, n ò lè gbà bẹ́ẹ̀.

Dì yàtọ̀ sí dí. Epo ń dì lásìkò ọyẹ́, ẹ̀jẹ̀ náà ń dì. Ṣùgbọ́n ẹnu agbè là ń dí, gọ́tà ló ń dí. Ẹ̀jẹ̀ lè dì síbi tí iṣan ti fún tẹ́lẹ̀, kó má kúrò níbẹ̀. Ó sì lè dì sínú ọkàn tó ń gbọ̀n rìrì dípò kó máa lù létòlétò, kó já, kó bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé itan, kó wá há sí oríta tí iṣan ti pín sí méjì. Ti àkọ́kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ dídì. Èkejì, èdídí ni mo fẹ́ ká pè é, bí èyí tí a fi ń dí ẹnu ìgò. Rudolf Virchow, dókítà ará Jámánì tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ láàárín 1840 sí 1850, rò ó bẹ́ẹ̀ náà: ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó mú fún èyí tó ń rìn, ohun tí a kì bọ inú nǹkan ló túmọ̀ sí.

Ìtọ́jú wọn ò papọ̀. Ti èdídí, fífà jáde ni: ní 1961 ni wọ́n kọ́kọ́ lo irinṣẹ́ tí Thomas Fogarty, dókítà ará Amẹ́ríkà, ṣe fún un lára ènìyàn. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò fún ọ̀nà ìtọ̀ ló mú, ó gé orí ìka ìbọ̀wọ́, ó sì so ó mọ́ ọn bí apẹja ṣe ń so ìjẹ mọ́ ìwọ̀. (Ọgbọ́n odò dé yàrá iṣẹ́ abẹ!) Dókítà á la ara díẹ̀ níbi tí itan ti bẹ̀rẹ̀, á ti rọ́bà kọjá èdídí, á fi omi fẹ́ bàlúùnù orí rẹ̀, á fà á padà, èdídí á bá a jáde. Ṣùgbọ́n níbi tí iṣan ti fún tẹ́lẹ̀, bí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ dídì jáde, ibi fífún ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n lè ní láti la ọ̀nà mìíràn fún ẹ̀jẹ̀.

“Yíyọ” náà ti dá mi lóró rí. Nínú ìwé pélébé kan tí mo túmọ̀, mo kọ yíyọ fún iṣẹ́ abẹ, mo kọ yíyọ́ fún oògùn tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ dídì di omi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde láìfi àmì sí i. Ìtọ́jú méjèèjì di “yiyo”! Látìgbà náà, ìfàyọ ni mo ń kọ fún iṣẹ́ abẹ. (Oògùn heparin kò sí nínú méjèèjì: kì í yọ́ èyí tó ti dì, kí ó má tóbi sí i ló wà fún.)

Ẹni tó ní ká kúkú pe àìsàn ẹsẹ̀ tí iṣan rẹ̀ dí lójijì ní ẹ̀gbà, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹnìkan gbọ́ ẹ̀gbà, òróró ìpara ló máa wá, á ní ó di ọ̀la. Ẹsẹ̀ yìí ń roni lójijì, ó funfun, ó tutù, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ò lù mọ́. Bí ó bá ti tó wákàtí 6, ẹran rẹ̀ lè ti máa kú. Bí wọ́n bá wá fa èdídí yọ lẹ́yìn náà, ẹran lè wú débi pé wọ́n á la ojúgun kó lè ráyè, tàbí kí wọ́n gé ẹsẹ̀. “Ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ò dé” tó mi.

Ohun kan ló ṣì ń kọ mí lóminú nípa èdídí: bí wọ́n bá tún yọ àmì kúrò, èdìdì inú Bíbélì ni wọ́n á kà á sí. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un wá.