Ẹ gbà mí o: ṣé kí n ṣe trademark orúkọ èlùbọ́ mi?

Ìyá Rónkẹ́: Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn. Ọmọ tí mo gbà sí ṣọ́ọ̀bù ní Bódìjà, tí mo kọ́ bí a ṣe ń fi ìka ra èlùbọ́ kí a lè mọ èyí tó níyanrìn, òun ló lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ kan náà! Ọ̀rá kan náà, tó nílà pupa lẹ́nu. Oníbàárà mi gbé tirẹ̀ wá bá mi pé èlùbọ́ mi ti ń korò. Ìyá rẹ̀ ò tiẹ̀ kí mi mọ́. Wọ́n ní kí n ṣe trademark, ìyẹn ni pé kí n fi orúkọ ọjà mi sílẹ̀ lábẹ́ òfin kí ẹlòmíì má bàa lò ó. Ṣé kí n ṣe é?

Bọ̀dá Délé: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ ti forúkọ òwò yín sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀?

Ìyá Rónkẹ́: Ìwé rẹ̀ wà lára ògiri.

Bọ̀dá Délé: Ìyẹn nìkan ò tó, mà. Rẹ́jísírì trademark ní Àbújá ló ń dáàbò bo orúkọ lọ́jà. Wọ́n á wò ó bóyá ẹlòmíì ti gbà á, wọ́n á gbé e jáde nínú jọ́nà, ìwé ìkéde wọn, ẹni tó bá fẹ́ takò ó ní oṣù 2. Ọdún 7 ló kọ́kọ́ ń lò. Tẹ́ ẹ bá tún un ṣe, ọdún 14.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ata gígún ni mò ń tà. Ìgbà tí mo fẹ́ gba nọ́ńbà NAFDAC ni wọ́n béèrè ìwé trademark lọ́wọ́ mi. Ẹ tètè ṣe é, mà.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ kọ́kọ́ bá ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ná. Ọmọ tẹ́ ẹ tọ́ ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ìyá wo? Ìyá tí ò kí wọn mọ́?

Bọ̀dá Délé: Kí lorúkọ náà gan-an, mà?

Ìyá Rónkẹ́: Ògidì Èlùbọ́ Ṣakí.

Bọ̀dá Délé: Háà! Orúkọ ìlú àti orúkọ ọjà nìyẹn. Wọ́n lè kọ̀ ọ́, torí gbogbo ẹni tó ń kó èlùbọ́ wá láti Ṣakí ló lè pe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwòrán ara ọ̀rá ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, ní kíláàsì 30, ìsọ̀rí tí wọ́n pín ìyẹ̀fun sí. Ta ló yà á?

Ìyá Rónkẹ́: Ọmọ yẹn náà ni, lórí fóònù rẹ̀. Ṣùgbọ́n dátà mi ló lò! Ta ló ń sanwó fún ọmọ tó ń sùn nílé ẹni?

Bọ̀dá Délé: Ẹ má tíì fún lọ́yà kankan ní kọ́bọ̀, mà. Bí kò bá síwèé láàrin yín, ó lè takò yín pé òun lòun ni àwòrán. Ẹ wá orúkọ tuntun, kẹ́ ẹ gba ayàwòrán tó máa fọwọ́ sí i pé ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ náà.

Ìyá Rónkẹ́: Kí n yí orúkọ padà kẹ̀, kó wá kó gbogbo oníbàárà mi lọ? N ò yí i. Àwòrán ni mo lè yí. Ta ló mọ ayàwòrán tó dáa n'Ìbàdàn níbí?